Kí A Gbọ́ Ohùn Ìyá, Kí A Gbọ́ Ohùn Ọmọ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí obìnrin bá lóyún, àdúrà kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tí ó bá bá a pàdé lójà tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Wọn a ní, “A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ o.” Òun náà a sì dáhùn pé, “Àmín.” Nígbà tí ó bá wá bí, tí ọmọ ké, tí ìyá sì yè, ìkíni a yí padà. Gbogbo ẹni tí ó bá wọlé a máa wí pé, “Ẹ kú ewu ọmọ o.” Ìkíni yìí fi hàn pé àwọn baba ńlá wa kò fi ọ̀rọ̀ ìbímọ ṣeré. Wọ́n mọ̀ pé inú ewu ni obìnrin gbà kọjá kí ọmọ tó dé ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ìkíni náà wò dáadáa. Ẹni tí ó wí pé “ẹ kú ewu” rò pé ewu ti tán ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ohùn ọmọ nìkan ni gbogbo ilé ń tẹ́tí sí. Bí ọmọ bá sunkún, ènìyàn mẹ́ta a dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìyá rẹ̀ bá sunkún, wọn a ní kí ó yára nu ojú rẹ̀, kí ó má fi ẹkún pe ẹkún. Èrò tèmi, tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín, ni pé àdúrà wa kò tíì gbà tán nígbà tí a bá ń gbọ́ ohùn ọmọ tí a kò sì gbọ́ ti ìyá. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ọkàn ọmọ balẹ̀ ní ọjọ́ iwájú, ọkàn ìyá ni kí ó kọ́kọ́ tọ́jú, láti ìgbà tí oyún ti wà nínú.

Mo rántí ìsọmọlórúkọ kan tí a pè mí sí. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti omi tútù ti wà lórí tábìlì. Àwọn onílù ń ki baba ọmọ, owó sì ń bọ́ sí wọn níwájú orí. Ìyá ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú aṣọ òfì tuntun, ó ń wo iwájú bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ fún un, ó gbà á bí ẹni tí ń bá ẹlòmíràn di ẹrù mú. Mo gbọ́ tí obìnrin kan wí lẹ́yìn mi pé, “Ìgbéraga ni. Ó bí ọkùnrin, ó wá ń yínmú sí wa.” Òmíràn dáhùn pé, “Ọ̀lẹ ni. Èmi bí mẹ́fà, ọjọ́ kẹta ni mo ti ń gúnyán.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ọ̀ràn náà burú sí i. Obìnrin náà kò lè jẹun. Oorun kò kùn ún, bí ọmọ tilẹ̀ sùn. Ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò yẹ ní ìyá, pé ìbá sàn kí ẹlòmíràn gba ọmọ náà tọ́. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rò pé àárẹ̀ ni, ó sì ń ra ẹja tútù àti mílíìkì wálé. Ẹni tí ó rí ìdí ọ̀ràn náà ni ìyá arúgbó kan tí ń wá wẹ ọmọ ní àràárọ̀. Arúgbó náà kò mọ̀wé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wẹ ọmọ tán, ó fi òrí pa á lára, ó rẹ̀ ẹ́ títí ó fi sùn. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí sún mọ́ ìyá ọmọ, ó jókòó, ó sì wí pé, “Ọmọ ti sùn. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi?”

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó sunkún títí oòrùn fi ga, arúgbó náà kò sì sọ pé kí ó dákẹ́. Lẹ́yìn ẹkún ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Ní ọjọ́ kejì, òun àti ọkọ obìnrin náà mú un lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí nọ́ọ̀sì kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi sùúrù gbọ́ tẹnu rẹ̀, tí dókítà sì fún un ní ìtọ́jú. Ó tó oṣù mẹ́rin kí ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Lónìí ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé, ìyá rẹ̀ ni ó sì ń mú un lọ lárààárọ̀. Èmi kì í fẹ́ ronú sí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní arúgbó náà kò béèrè ìbéèrè kúkúrú yẹn.

Ohun tí ó ṣe obìnrin yìí kì í ṣe ìgbéraga, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn ni. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ìdàmú ọkàn fi ń bá ìyá ọmọ tuntun. Èkíní ni ẹkún ọjọ́ díẹ̀. Láàrin ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, ìyá a máa sunkún láìnídìí, inú a sì máa tètè bí i. Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí kì í tètè lọ. Inú ẹni a bàjẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ohun tí ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọn mọ́, a máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, a sì máa rò pé òun kò wúlò. Ẹ̀kẹta ni èyí tí Yorùbá ti fún ní orúkọ tipẹ́, èyíinì ni àbísínwín. Ẹni tí ó bá ṣe a máa rí ohun tí kò sí, a máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Èyí kò wọ́pọ̀: ìyá 1 tàbí 2 nínú 1,000 ni ó máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó léwu fún ìyá àti fún ọmọ, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ní ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, nǹkan bí aboyún 16 nínú 100 àti nǹkan bí ìyá ọmọ tuntun 20 nínú 100 ni àìsàn ọkàn ń bá fínra, ìrẹ̀wẹ̀sì sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ ka obìnrin márùn-ún tí ó bímọ ní àdúgbò yín láìpẹ́ yìí. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn wà nínú òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹ kíyè sí i pé àbísínwín, tí kò wọ́pọ̀, ni gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé ariwo ni ó ń pa. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni a kò dá mọ̀, nítorí pé jẹ́ẹ́jẹ́ ni ó ń ṣe ohun tí ó ń ṣe. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ má rò pé ẹ̀yìn ìbímọ nìkan ni ọ̀ràn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí a já aboyún láyà, wọn kì í sì fẹ́ kí ó máa rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Àlàyé tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ lè yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹlẹgẹ́ ni ẹni tí ó ru ẹ̀mí méjì. Bí ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ bá ń bá aboyún gbé fún ìgbà pípẹ́, oúnjẹ rẹ̀ a dínkù, oorun rẹ̀ a dínkù, a lè máa yẹra fún ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ a sì dà bí ara ẹni tí ọ̀tá ń lé kiri. Láàrin irú àwọn aboyún bẹ́ẹ̀, ìbímọ tí kò pé oṣù àti ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n a máa pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Kí sì ni ń fa ìbànújẹ́ náà? Lára rẹ̀ ni òṣì, ọkọ tí ń lu aya, ikú ọmọ tí a bí ṣáájú, ẹ̀gàn nítorí pé a kò tíì bí ọkùnrin, àti àìrí ẹni fi ọ̀ràn lọ̀. Oògùn púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí kò sí ní ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ará ilé ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ti ọmọ fúnra rẹ̀. Kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, ọpọlọ rẹ̀ ti tóbi ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọpọlọ àgbàlagbà lọ. Kò sí ìgbà mìíràn láyé rẹ̀ tí ọpọlọ ẹni tún ń yára dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti bí i. Ohun tí ó sì ń mú un dàgbà kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ọmọ a wo ojú ìyá, a rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá a rẹ́rìn-ín padà, a pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ a ké. Ẹnìkan a gbé e. Nípa báyìí ni ó ń kọ́ pé ayé ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, pé bí òun bá pe ènìyàn, ènìyàn yóò jẹ́ òun. Nígbà tí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ ní oríkì bí ó ti ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń nà án ní apá àti ẹsẹ̀, tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó gbọ́, iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe, bí kò tilẹ̀ pè é ní iṣẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1970 sí 1979, onímọ̀ kan tí à ń pè ní Edward Tronick ní kí àwọn ìyá jókòó níwájú ọmọ wọn, kí wọ́n bá a ṣeré díẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n mú ojú le láìrẹ́rìn-ín, láìsọ̀rọ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọ a rẹ́rìn-ín láti fa ojú ìyá mọ́ra. A na ọwọ́. Bí ìyá kò bá dáhùn, ọmọ a dààmú, a sì yí ojú kúrò. Bí ìṣẹ́jú díẹ̀ bá lè ba ọmọ nínú jẹ́ báyìí, kí ni a ó sọ nípa oṣù mẹ́fà? Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú kò mú ojú le sí ọmọ rẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Àìsàn ni ó dè é lójú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bu ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́tẹ̀ẹ́ ń pa ọmọ náà lára, ẹni tí ó bá sì tù ú nínú ti ran ẹ̀mí méjì lọ́wọ́.

Ẹ̀rí wà pé ìrànlọ́wọ́ ìgbà kékeré kì í ṣòfò. Ní ìlú Kingston ní Jàmáíkà, ní ọdún 1986 sí 1987, Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan ọmọ 129 tí àìjẹunrekánú kò jẹ́ kí wọ́n ga tó ẹgbẹ́ wọn. Fún ọdún méjì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń lọ sí ilé apá kan nínú àwọn ọmọ náà fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Wọn kò gbé ohun olówó lọ. Ohun ìṣeré tí a fi nǹkan àlòkù ṣe ni wọ́n mú dání, wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá bí a ti ń bá ọmọ ṣeré àti bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún wá àwọn ọmọ náà kàn. Àwọn tí a ti bá ṣeré ń gba owó iṣẹ́ tí ó fi ìdá 25 nínú 100 ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò pọ̀ lára wọn tó ti àwọn yòókù, ìwà jàgídíjàgan wọn sì kéré. Ẹ wo ohun tí wákàtí kan lọ́sẹ̀ ṣe! Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kékeré náà ni a ti ń bomi rin ín.

Àwọn kan yóò takò mí. Wọn yóò wí pé, “Àwọn ìyá wa bí mẹ́wàá mẹ́wàá, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.” Mo gbà pé wọ́n bí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n agbo ilé ni wọ́n bí wọn sí. Ẹnìkan a gbé ọmọ, ẹnìkan a pọn omi, ẹnìkan a dáná. Àwọn ni wọ́n sọ pé ojú méjì ní ń bí ọmọ, igba ojú ní ń wò ó. Lónìí, nínú iyàrá kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn, obìnrin lè bímọ kí ó má rí ju ojú méjì tirẹ̀ lọ láti àárọ̀ títí ọkọ yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́. A ti kó kúrò nínú agbo ilé, a kò sì wá ohun tí a ó fi dípò rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ta ni ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àtijọ́ náà bí ọkàn wọn ti rí?

Àwọn mìíràn yóò wí pé iṣẹ́ ọ̀tá ni, àti pé àdúrà nìkan ni ó kàn. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a fi ẹ̀wọ̀n de ìyá ọmọ, kí a fi ebi pa á, kí a nà án, kí a sì pè é ní ìtọ́jú. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá ní ilé ìwòsàn Aro ní ìlú náà. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, ìbátan kọ̀ọ̀kan sì ń bá aláìsàn tirẹ̀ gbé níbẹ̀, ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Lambo bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá ṣiṣẹ́ pọ̀. Gbogbo ayé kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn nílò ènìyàn rẹ̀ bí ó ti nílò oògùn.

Àwọn ẹ̀kẹta yóò béèrè pé, níbo ni a ó ti rí dókítà tí yóò kárí? Ìbéèrè rere ni. Ní àwọn abúlé kan ní Pàkísítánì, Atif Rahman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró de dókítà. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, tí ìwé wọn kò ju ti ilé ẹ̀kọ́ girama lọ, bí a ti ń gbọ́ tẹnu ìyá àti bí a ti ń tọ́ ọ sọ́nà láti borí èrò òkùnkùn. Láti oṣù tí ó kẹ́yìn oyún ni àwọn wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ilé àwọn obìnrin tí ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2008. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, àìsàn náà ṣì wà lára ìyá 23 nínú 100 láàrin àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ lọ́nà yìí. Láàrin àwọn tí a kàn ń bẹ̀ wò lásán, ó wà lára ìyá 53 nínú 100. Ẹ̀kọ́ girama ni ẹ̀yin náà ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní Oṣù Kìíní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú iyàrá ìyá ọmọ lọ béèrè àlàáfíà rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14, ìyá ń gbé e lọ gba àjẹsára. A ó gun ọmọ lábẹ́rẹ́, a ó wọ̀n ọ́n, a ó kọ ọ́ sínú káàdì, ìyá a sì padà sílé láìjẹ́ pé a béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1987 ni àwọn onímọ̀ ní ìlú Edinburgh ti ṣètò ìbéèrè mẹ́wàá tí a fi ń dá ìrẹ̀wẹ̀sì ìyá ọmọ mọ̀. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Mo rò pé ó yẹ kí ó di dandan pé, níbikíbi tí a bá ti ń wọn ọmọ, kí a béèrè nípa ọkàn ìyá rẹ̀ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ti ọkọ náà kò kéré. Kì í ṣe owó oúnjẹ nìkan ni ojúṣe baba. Kí ó gba ọmọ mọ́ra lóru kí ìyá lè sùn. Kí ó máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aya rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkàn tirẹ̀ náà lè rẹ̀wẹ̀sì, kò sì yẹ kí ó tijú láti sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé ńkọ́? Ẹ má wí pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Púpọ̀ nínú yín ní ń pọn àbúrò lẹ́yìn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ pa àlọ́ fún un, ẹ jẹ́ kí ó rí ojú yín ju bí ó ti ń rí ojú fóònù lọ. Bí ìyá yín tàbí aya ẹ̀gbọ́n yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ gba ìfọ̀ṣọ àti ìpọnmi lọ́wọ́ rẹ̀ láìdúró kí a tó rán yín. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń wí pé ìbá sàn kí òun kú, tàbí pé òun lè pa ọmọ lára, ẹ tètè sọ fún àgbàlagbà tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kí a má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣe òfófó. Ẹ̀mí ni ó gbà là. Bí ọmọbìnrin ẹgbẹ́ yín bá sì lóyún nígbà tí kò yẹ, ẹ má fi orin lé e kiri àdúgbò. Ẹni tí ó ṣubú ni a ń fa ọwọ́ rẹ̀ sókè, a kì í gun ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a pa ìkíni àwọn baba wa mọ́, ṣùgbọ́n kí a fi gbólóhùn kan kún un. Bí ẹ bá lọ kí ẹni tí ó bímọ, ẹ wí pé, “Ẹ kú ewu ọmọ o.” Ẹ wo ọmọ, ẹ yọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó dìde, ẹ yí ojú sí ìyá rẹ̀, kí ẹ béèrè pé, “Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?” Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Nígbà náà ni a tó lè wí pé a gbọ́ ohùn ọmọ, a sì gbọ́ ohùn ìyá.